Ìkòkò Tábà: McDougall ti Glasgow àti Amọ̀kòkò Tí Kò Kọ Orúkọ Rẹ̀

Ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ fún mi láti bí oṣù méjì, láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń kọ́lé sí Oǹdó. Àwọn lébìrà tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ rí nǹkan funfun kan nínú ilẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ihò tín-ín-rín sì gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní eegun. Nígbà tó fọ̀ ọ́, ó rí lẹ́tà lára rẹ̀: McDOUGALL ní ẹ̀gbẹ́ kan, GLASGOW ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, kí leléyìí? Ṣé oògùn kọ́?"

Kì í ṣe oògùn. Ọ̀pá ìkòkò tábà ni, èyí tí àwọn òyìnbó fi amọ̀ funfun ṣe. Ṣùgbọ́n ó tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan: ó ní àfọ́kù pupa kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí roboto, ó ní ihò lókè àti ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ àwọn ti kó o dànù pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀, nítorí "àfọ́kù ìkòkò lásán ni." Àfọ́kù ìkòkò lásán! Ohun tí wọ́n dànù yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Èyí tó ní lẹ́tà lára, a lè mọ ẹni tó ṣe é, a lè mọ òpópónà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò ní lẹ́tà, orúkọ tó kù fún un kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ náà sì ní nǹkan púpọ̀ láti sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ san gbèsè McDougall. Duncan McDougall bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkòkò tábà ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, ní nǹkan bí ọdún 1846. Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́. William White ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ láti 1805, ilé ńlá tí àwọn White kọ́ ní 1876 sí 1877 sì wà ní Bain Street, ní àdúgbò Calton, níbi tí àwọn tálákà àti oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì yìí ló sọ Glasgow di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó ń ṣe ìkòkò tábà jù lọ láyé ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ń kó o lọ sí Amẹ́ríkà, Kánádà, Australia, àti etíkun tiwa níbí. White ti ilẹ̀kùn ní 1955. McDougall rún un mọ́lẹ̀ títí di 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Amọ̀ Glasgow fúnra rẹ̀ kò dára fún un. Amọ̀ funfun ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Devon àti agbègbè rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ohun tó jọ ẹfun. Wọ́n á pò ó, wọ́n á yí i lọ́wọ́ bí ẹni yí fùfú, kí orí rẹ̀ tóbi, kí ìrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ díẹ̀. Oníṣẹ́ á wá ti wáyà gba inú ìrù yẹn kọjá, iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ nìyẹn o, torí bí wáyà bá yà báyìí, ó bà jẹ́. Wọ́n á gbé e sínú irin ìtẹ̀ alápá méjì, bí èyí tí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń lò ṣùgbọ́n tó kéré púpọ̀, wọ́n á dè é pinpin, wọ́n á sì ti irin ṣóńṣó kan bọ orí rẹ̀ kó lè dá ihò tí tábà máa jókòó sí. Inú irin ìtẹ̀ yẹn ni wọ́n fín lẹ́tà sí. Ìdí nìyẹn tí orúkọ McDougall fi jáde lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkòkò láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kọ ọ́. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń gé etí rẹ̀, tí wọ́n ń dán an. Lẹ́yìn náà ló kan iléru.

Ìkòkò tó jáde láti inú iléru bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi. Tí ẹ bá fi ètè kan án, á lẹ̀ mọ́ ètè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìda tàbí nǹkan dídán kun ẹnu rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ń fọ́ bí ẹyin. Ọ̀pá ló ń kọ́kọ́ dá. Bó bá ti dá, wọ́n á mu èyí tó kù títí yóò fi kúrú jù, wọ́n á sì sọ ọ́ nù. Ìdí rèé tí ilẹ̀ fi kún fún un láti London dé Elmina.

Àwọn ará Scotland kọ́ ni wọ́n dá ọgbọ́n yìí. Àwọn oníṣẹ́ ìkòkò ti Westminster ní London gba ìwé àṣẹ ọba ní 1619. Àwọn ti Bristol dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1652, ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn òwò ẹrú sì mọ irú ìlú tí Bristol jẹ́. Ní ilẹ̀ àwọn Dutch, ìlú Gouda ló gbajúmọ̀ jù. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní William Baernelts wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ náà débẹ̀ ní nǹkan bí 1617. Nígbà tó di 1660 ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ìkòkò ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù ọ̀gá sì ní àmì tirẹ̀, bí adé, bí nọ́ńbà, bí obìnrin tó ru wàrà, tó ń tẹ̀ sí ìdí ìkòkò. Wọ́n ń jogún àmì yẹn, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń pe ara wọn lẹ́jọ́ lé e lórí. Nígbà tí àwọn ará ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayédèrú, Gouda fi àmì ìlú wọn kún un ní nǹkan bí 1740. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ fake kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn awalẹ̀pìtàn fẹ́ràn ìkòkò òyìnbó yìí ju wúrà lọ. Ní 1954, ará Amẹ́ríkà kan, J. C. Harrington, ṣàkíyèsí pé bí ọ̀pá ìkòkò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gùn sí i láti ìran dé ìran ni ihò inú rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i: èyí tí wọ́n ṣe láàrin 1620 sí 1650 sábà máa ń fẹ̀ tó ìdá 8 nínú 64 íǹṣì, èyí tó jẹ́ ti 1750 sí 1800 kò ju ìdá 4 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní irin ìliho lọ́wọ́ lè wọn àfọ́kù ọ̀pá tí kò ní àmì kankan, kó sì sọ ìgbà rẹ̀. Ìwọ̀n yìí kò ṣiṣẹ́ fún ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n àwọn ìgbà yẹn ni orúkọ àti ìlú pọ̀ lára rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan ní 1890 sì tún ní kí ọjà tó bá ń wọlé wá máa ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá lára. Láti ìgbà náà ni ẹ ó ti máa rí SCOTLAND lára ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Báwo wá ni Glasgow ṣe dé Oǹdó? Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro láti tọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ní 1868, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀ ní Glasgow gan-an, British and African Steam Navigation Company, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná etíkun wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, Glover tó jẹ́ gómìnà Èkó ń wá ọ̀nà tí ọjà yóò máa gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá láìkọjá lọ́dọ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n là: láti inú ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kí a gúnlẹ̀, kí a gba inú igbó dé Oǹdó, kí a wá yà sí Iléṣà àti Èkìtì. Ọ̀nà yìí kan náà ni ìbọn gbà dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Iyọ̀, aṣọ, ọtí àti tábà sì ń bá a rìn. Níbi tí tábà bá wà, ohun tí a fi ń mu ún kò ní jìnnà.

Ti Àkúrẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Kí ọ̀nà Oǹdó tó là, Bìní ni ẹnu ọ̀nà Àkúrẹ́ sí ọjà òyìnbó. Àwọn oníṣòwò Bìní ti ń gbé Àkúrẹ́ tipẹ́, ìran wọn ṣì wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Àdó Àkúrẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ tó sì rí ìkòkò funfun tí ihò ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀, kó má ṣe yà á lẹ́nu. Ó lè ti gba odò Bìní wọlé kí wọ́n tó bí bàbá Duncan McDougall.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí tábà fúnra rẹ̀, nítorí ìtàn rẹ̀ kò dùn mọ́ni. Ewéko Amẹ́ríkà ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbí kí àwọn Àgùdà tó bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá. Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, tábà Bahia, ní Brazil, ni owó tí wọ́n fi ń ra ènìyàn jù lọ ní Àjàṣẹ́, Badagry, Ouidah àti gbogbo etíkun yẹn. Pierre Verger, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Fátúmbí, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwé òwò náà. Ohun tó fi hàn ni pé tábà tó dára ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon. Èyí tó gba ipò kẹta, tí òfin kò jẹ́ kó wọ Lisbon, ni wọ́n ń kó wá sí ọ̀dọ̀ wa. Kí ewé tí kò dára yẹn má baà gbẹ, wọ́n ń fi oje ìrèké tó ki kùn ún, wọ́n á sì wé e bí okùn ńlá. Àwọn èèyàn wa sì fẹ́ràn adùn yẹn débi pé wọn kì í gba òmíràn. Àwọn Dutch tó wà ní Elmina ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá tábà inú ọkọ̀ Potogí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹ́ kó tajà. Ewé tí Lisbon kọ̀, òun ni wọ́n fi ra ọmọ ènìyàn. Nígbà tí a bá ń yin ìkòkò tábà pé ó rẹwà, kí a má gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó tó. Ẹ jẹ́ kí n padà sí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n rìn jù, ìyẹn èdè.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò: tábà, mu, àti ìkòkò. Àjèjì ni tábà, gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọ̀nà wo? Potogí ń pè é ní tabaco. Ká ní ẹnu Potogí ni a ti gbà á ní tààrà, kí ló dé tí kò fi di tábákò? Kò sí ìṣòro kankan nínú rẹ̀ fún ẹnu Yorùbá: kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́lì kan, lẹ́ẹ̀mẹta. A kò ní fáwẹ́lì kankan láti fi kún un, a kò ní ìdí láti gé e. Hausa ń sọ pé taba, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èdè mìíràn lókè ọ̀hún. Èrò tèmi ni pé òkè ọya ni orúkọ náà gbà wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ni ọ̀pọ̀ ẹrù rẹ̀ gbà wá. Orúkọ àti ẹrù kì í fi dandan gba ẹnu ọ̀nà kan náà.

Mu ńkọ́? A ń mu omi, a ń mu ẹ̀kọ, a ń mu tábà. Àwọn kan máa ń rò pé àìlọ́rọ̀ ló fa èyí. Rárá o. Hausa náà ń mu tábà, sha taba ni wọ́n ń wí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, nígbà tí tábà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, drink tobacco ni wọ́n ń sọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí smoke tó gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń "fa" sìgá ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ tuntun wá.

Ìkòkò ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. (Ẹ kíyè sí ohùn: ìkòkò ni mo wí, kì í ṣe ìkokò ẹranko, kì í sì í ṣe kòkó tí àwọn ará Oǹdó fi kọ́lé alájà. Ní Àkúrẹ́ àti Èkìtì, níbi tí ọ̀rọ̀ tí Ọ̀yọ́ fi i bẹ̀rẹ̀ ti máa ń fi u bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ùkòkò.) Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé pipe, Dutch ń sọ pé pijp, Faransé ń sọ pé pipe. Ohun tí gbogbo wọn ń dárúkọ ni ọ̀pá oníhò, ibi tí èéfín ń gbà. Potogí ń sọ pé cachimbo, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé láti inú èdè Kimbundu ti Angola ni wọ́n ti yá a. Yorùbá kò dárúkọ ọ̀pá rárá. Ibi tí iná wà la dárúkọ, nǹkan roboto tí a fi amọ̀ mọ.

Kì í ṣe èèṣì. Ìkòkò òyìnbó, orí àti ọ̀pá, amọ̀ kan náà ni, inú irin ìtẹ̀ kan náà ló ti jáde. Tiwa, nǹkan méjì ni. Amọ̀ ni orí, ó ní ọrùn kúkúrú; igi tí inú rẹ̀ ṣófo ni wọ́n ń tì bọ ọrùn yẹn. Mo rí èyí lójú ara mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Àkúrẹ́, ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Yóò yọ ọ̀pá kúrò lára ìkòkò rẹ̀, yóò fi ìgbálẹ̀ kan gún inú rẹ̀, yóò gbọn eérú dànù, yóò sì tún un tì bọ̀ ọ́. Bí ọ̀pá bá jó tàbí tó là, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á lọ gé òmíràn. Ìkòkò kan náà ni mo mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi lọ. Ẹ fi èyí wé ti McDougall tí ọ̀pá rẹ̀ bá dá tí gbogbo rẹ̀ sì parí. Níbi tí ọ̀pá ti jẹ́ igi lásán tí ọmọdé lè lọ gé, ta ni yóò fi ọ̀pá sọ nǹkan lórúkọ?

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń wí fún mi nìyí: nígbà tí Yorùbá ń sọ nǹkan yìí lórúkọ, ti ọwọ́ amọ̀kòkò tiwa ni wọ́n ń wò. Ìkòkò funfun bá orúkọ náà nílé, ó sì jẹ́ orúkọ náà. Ilẹ̀ jẹ́rìí sí i. Thurstan Shaw, tó wá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbẹ́ òkìtì kan ní Dawu, ní Gold Coast, ní 1942, ó sì rí ìkòkò tábà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀. Graham Connah rí i nínú ilẹ̀ Bìní. Akínwùmí Ògúndìran rí i ní Ẹdẹ-Ilé, ìlú tí Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí ilẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní Elmina, níbi tí àwọn òyìnbó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí, ti Gouda ló kún ilẹ̀. Bí a bá ń wọ inú ilẹ̀ lọ, amọ̀ pupa ló ń pọ̀.

Ìdí kan tún wà tí inú mi fi bàjẹ́ lórí àfọ́kù tí wọ́n dànù yẹn. Nítorí pé tábà kò sí ní Áfíríkà kí àwọn òyìnbó tó dé Amẹ́ríkà, aago ni ìkòkò tábà jẹ́ fún awalẹ̀pìtàn. Ìpele ilẹ̀ tí ó bá wà nínú rẹ̀, ọdún 1600 ló yí i ká tàbí ó ti kọjá. Ìpele tí kò bá sí, tí àfọ́kù mìíràn sì pọ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago yẹn ni wọ́n fi tírélà kó lọ kún kòtò ojú títì.

Ẹni tó pa iṣẹ́ amọ̀kòkò àti ti McDougall pọ̀ kì í ṣe òyìnbó oníkòkò. Sìgá ni. British American Tobacco ti ń tajà ní Nàìjíríà láti 1912. Ní 1933 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Òṣogbo, kí wọ́n tó kọ́ ti Ìbàdàn. Ní 1951 ó di Nigerian Tobacco Company, tí àwọn ẹgbẹ́ mi mọ̀ sí NTC. Sìgá kò nílò ìkòkò, kò nílò ọ̀pá, kò nílò ọmọ-ọmọ tí yóò lọ gé igi. Àwọn dókítà ti sọ tiwọn nípa ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró, n kò ní tún un sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sí Oǹdó, sí Àkúrẹ́, sí Ìdànrè: bí ẹ bá rí èyí tó pupa, tó ní ihò lókè àti ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fọ ọ́ ní àfọ̀jù, ẹ má fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti bí ó ṣe jìn tó sínú ilẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tó ké sí àwọn ará mùsíọ́mù. Mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí yín. Kí ẹ tún bá mi bi àwọn ìyá yín tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún: ọ̀pá tí wọ́n ń tì bọ ìkòkò yẹn, kí ni wọ́n ń pè é nílé yín, igi wo ni wọ́n sì ń gé fún un? Bí wọ́n bá ṣe pè é gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ẹ má tún un ṣe sí ti Ọ̀yọ́ fún mi.